Sálúbàtà Tó Ṣẹ́kù Lẹ́nu Ọ̀nà

Ìyá Ọlámipọ̀ kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà rí láyé rẹ̀. Áńgílíkà ni wọ́n bí i sí ní Ìlaròó, tíṣà ni bàbá rẹ̀, tíṣà lòun náà, òun sì ni ààrẹ ẹgbẹ́ ìyá nínú ìjọ wọn. Àwọn tó ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọlé Ọlọ́run, ẹ̀rín ló máa ń fi wọ́n rín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi yìí, aago mẹ́jọ kò tíì lù tó ti wà lẹ́yìn ọ̀kadà Ṣàíbù, tí eruku ń bò wọ́n lọ sí Ìfọ́nyìntẹ̀dó.

Ṣàíbù yìí, àwọn èrò ẹnu ibodè ló máa ń gbé. Òun ló wá sọ lọ́jọ́bọ̀ pé òun rí Ọlámipọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà kan níbẹ̀, tó ń gbálẹ̀. Oṣù mọ́kànlá rèé tí ẹnikẹ́ni nílé kò ti fojú kan ọmọ náà.

Kí ló lé e kúrò nílé? Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí, ìyá rẹ̀ ló lé e. Ọmọ lóyún, kò rí ọkọ fi hàn, ìyá sì ń ro ohun tí ẹgbẹ́ ìyá máa wí. Kò ro ibi tí ọmọ máa sùn. Ó na ìka sí ọ̀nà, ó ní, "Má pè mí ní ìyá ẹ mọ́ títí n ó fi kú." Ọmọ náà gbé àpò kan, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, obìnrin yìí kò rí oorun sùn mọ́. Ó ti wá a dé Ìlóbì, ó ti wá a dé Ìhùnbọ̀, ó ti pààrà ọsibítù títí ojú fi ń tì í. Bí kò bá rí i lónìí, kò mọ ibi tí òun tún lè yà sí.

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì náà, bàtà ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Láàrin bàtà bí ọgọ́ta tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni sálúbàtà dúdú kan wà, tí wọ́n fi òwú funfun rán okùn ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló rán an, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan tí òwú dúdú tán nílé, tí ọmọ sì ń pẹ́ lọ síléèwé.  Ọmọ òun wà láàyè, ọmọ òun wà nínú ilé yìí. Ó bọ́ bàtà tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọlé.

Gbogbo obìnrin ibẹ̀ ló so gèlè funfun, ẹ̀yìn orí nìkan ló sì ń rí. Ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Ohun tó pinnu ni pé òun kò ní lanu. Bí ìsìn bá parí, òun á dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun á kúnlẹ̀ fún ọmọ òun, kí ayé wí ohun tó bá fẹ́ wí. Èrò yẹn dára. Ẹnu rẹ̀ ló bà á jẹ́.

Nígbà tí wọ́n dé orí ìfilọ̀, wọ́n ní kí àwọn àlejò dìde, kí wọ́n sọ orúkọ wọn. Ìyá àgbà kan tó ń fi èrò jókòó fọwọ́ kàn án léjìká. Ó dìde. Ẹ wo obìnrin tó ní òun kò ní lanu! Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń jẹ́ orúkọ kan, lọ́jà, níléèwé, níwájú bíṣọ́ọ̀bù, ẹnu rẹ̀ kò sì mọ òmíràn.

"Ìyá Ọlámipọ̀ ni mí, láti Ìlaròó."

Gbogbo orí ló yí padà wo àlejò, àfi ẹyọ kan ní ìlà kejì. Ìyẹn kò mì rárá. Ìyá rẹ̀ mọ ọrùn náà. Kó tó gbẹ́sẹ̀, orin ìkíni-káàbọ̀ ti dún, ìjọ ti ya bò ó, wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ń dì mọ́ ọn, wọ́n ń ṣàdúrà fún un. Ó ń ṣe àmín, ó ń na ọrùn. Nígbà tí wọ́n fi máa túká lára rẹ̀, àyè kan ti ṣófo ní ìlà kejì, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì wà ní ṣíṣí.

Ó sáré jáde síwájú. Sálúbàtà náà ṣì wà níbẹ̀. Ó gbé e, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó dì í mú lórí itan rẹ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé kò sí bí ọmọ náà ṣe máa fẹsẹ̀ lásán rìn nínú oòrùn yìí, dandan ni kó wá mú un. Ìsìn parí, àwọn èèyàn ń jáde, wọ́n ń wá bàtà wọn, ó sì ń bi wọ́n léèrè Ọlámipọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní àwọn kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàtà ń dín kù. Nígbà tó yá, ó ku tirẹ̀ àti èyí tó wà lórí itan rẹ̀.

Ìyá àgbà ìṣáájú ló wá bá a. Ó ní Ìyá Bólúwadúró ló rán òun wá mú bàtà. Ìyá Ọlámipọ̀ bi í pé ta ló ń jẹ́ Bólúwadúró. Ó ní ọmọ ẹni tó ni bàtà náà ni, ọkùnrin, ó ti pé oṣù mẹ́rin. Omi bọ́ lójú Ìyá Ọlámipọ̀. Ó ní òun ni ìyá ìyá ọmọ náà. Obìnrin yẹn wò ó títí.

"Ó sọ fún wa pé ìyá òun ti kú, màmá. Èmi ni mo wẹ ọmọ fún un."

Háà! Gbogbo àárọ̀ tí ìyá fi ń wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀, tó ń fòróró pa á lára, tó ń nà án lápá lẹ́sẹ̀, ará ìta ló bá a ṣe é. Kò sí èébú tí Ọlámipọ̀ ì bá bú u tí ì bá dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Òun ló ní kó má pe òun ní ìyá mọ́ títí òun á fi kú. Ọmọ gbọ́ràn, ó ti sin òun.

Ó bẹ ìyá àgbà náà pé kó mú òun dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyẹn mi orí. Ó ní Ìyá Bólúwadúró sọ pé bí òun bá bá bàtà lọ́wọ́ àlejò Ìlaròó, kí òun fi í sílẹ̀ fún un, ẹsẹ̀ lásán ni yóò fi rìn délé.

Ìyá Ọlámipọ̀ wo sálúbàtà náà. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu eruku rẹ̀, ó fa okùn tó rán náà wò bóyá ó ṣì le, ó sì nà án sí obìnrin náà. Ìyẹn bi í pé ta ni kí òun sọ pé ó fi rán òun. Ẹnu tó yá níṣàájú kò yá mọ́.

"Ẹ ní obìnrin kan láti Ìlaròó ni. Ẹ ní kó wọ̀ ọ́, ilẹ̀ gbóná."

Ìyá àgbà náà gba bàtà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì náà, ọmọ ọwọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ṣàíbù wá bi í bóyá kí àwọn máa lọ.  Ó ń tẹ́tí sí ẹkún náà títí wọ́n fi rẹ ọmọ lẹ́kún.