Iṣẹ́ Abẹ Tí Wọ́n Dá Dúró

Sàkáríyà ti nà gbalaja sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, òtútù ti ń mú un dé egungun, nígbà tí dókítà tó fẹ́ kùn ún lóorun dáwọ́ dúró. Ìpá lásán ni wọ́n fẹ́ ṣe fún un. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, Kuje sí Wúsè ló ń ná, ó sì ti sọ ní gáréèjì pé òun ò ní pẹ́ padà.

"Ẹyinjú yín ṣe pọ́n rúsúrúsú báyìí?" ni dókítà náà bi í. Ọlọ́runfúnmi lorúkọ rẹ̀, obìnrin kúkurú tí kì í pariwo.

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, Dókítà. Ibà ni."

"Ṣé egungun máa ń ro yín?"

"Bí òjò bá ti ń rọ̀. Iṣẹ́ ọkọ̀ ló fà á."

"Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹnikẹ́ni nílé yín rí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, Usamah. Apẹ́ńdísì ni. Wọ́n kùn ún lóorun, kò jí mọ́. Ayé ló ṣe é; Màámi ní àbúrò bàbá wa ló wà nídìí ẹ̀."

Dókítà gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀."

"Kai! Nítorí ìpá kékeré yìí?" ni oníṣẹ́ abẹ ké.

"Mi ò ní kùn ún lóorun láìmọ irú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé kiri."

Sàkáríyà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. AA ni òun. Ìyá rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un láti kékeré. Ohun tóun náà sọ fáwọn àna rẹ̀ nìyẹn kí wọ́n tó fún un ní Gàníyátù.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, Gàníyátù náà wà níbẹ̀.

"SC ni ẹ̀jẹ̀ yín. Ọ̀kan nínú ẹ̀yà fòníkúfọ̀ladìde ni, èyí tó máa ń fara pamọ́ títí èèyàn á fi dàgbà. Bí òtútù bá mú yín, bí omi ò bá tó lára yín, bí atẹ́gùn ò bá tó yín lójú oorun, ẹ̀jẹ̀ náà á lọ́, á sì dí iṣan. Lánàá, ẹ ò tíì fẹnu kan omi, ẹ sì ń gbọ̀n lórí tábìlì."

Sàkáríyà dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Àwọn ọmọ mi ńkọ́?" Ohùn Gàníyátù ti yí padà. "AA lèmi. Wọ́n yẹ̀ mí wò nígbà tí mo lóyún."

"Wọn ò ní ṣàìsàn rẹ̀, àmọ́ wọ́n á máa gbé e kiri."

Gàníyátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Sàkáríyà pe ìyá rẹ̀ ní Ìwó. Ó rò pé yóò jiyàn ni. "Màámi, wọ́n ní SC ni mí."



"Wọ́n sọ fún mi," ni ìyá wí. "Lẹ́yìn ikú Usamah, dókítà ní irú ẹ̀jẹ̀ yẹn ló pa á, pé kí n kó ẹ̀yin tó kù wá fún àyẹ̀wò. Ìwọ nìkan ló ní in."

"Ẹ wá ní Bàbá Sànúsí ló pa á?"

"Bí mo bá sọ òótọ́, ta ni ì bá fún ọ níyàwó?"

Ó pa fóònù náà. Bàbá Sànúsí, àbúrò bàbá rẹ̀, ti kú. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó tẹ̀ lé òkú rẹ̀ dé ibojì. Ìyá rẹ̀ mọ̀ pé ọkùnrin náà kò mọwọ́mẹsẹ̀, ó sì ń wò wọ́n.

Nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tún pé, wọ́n ti fa díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti fi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Omi ń kán wọ iṣan rẹ̀ kí òùngbẹ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pa ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n fi kúbùsù wé e, wọ́n fi atẹ́gùn sí i nímú. Ẹ̀rù bà á bí ọmọdé. Usamah ló ń rò títí oorun fi gbé e lọ.

"Ẹ mí sínú dáadáa. Ẹ tún mí." Ohùn Dókítà Ọlọ́runfúnmi ló kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tó jí.

Ìyá rẹ̀ ti dé láti Ìwó. Ó dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń wò ó bí ẹni tó rí òkú tó dìde, gèlè rẹ̀ ti tú, kò mọ̀.

"O jí," ló ń wí. "Sàkáríyà, o jí."

Ó di ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú lórí kúbùsù. Sàkáríyà kò fa ẹsẹ̀ náà kúrò, ṣùgbọ́n ó yíjú sí ògiri.