Fóònù Inú Sìmẹ́ǹtì

Gbọnrangandan ni wọ́n ń pe bíríkìlà kan, nítorí pé ògiri tó bá mọ kì í tẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kì í tẹ̀. Bí o bá ṣẹ̀ ẹ́ lónìí, tí ẹ tún pàdé lẹ́yìn ọdún méje, yóò rán ọ létí aṣọ tí o wọ̀ lọ́jọ́ náà àti ibi tí o dúró sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ránṣẹ́ pè é. Lọ́dún tó kọjá, Gbọnrangandan ló ri páìpù omi mọ́ ilẹ̀ ilé obìnrin náà, tó da kọnkéré bò ó, tó sì to táìlì lé e. Omi ti wá ń sun jáde láàárín táìlì báyìí, láti yàrá dé ilé ìdáná.

"Ọmọ mi ń gbé ìbejì rẹ̀ bọ̀ lọ́la," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má hú gbogbo ilé fún mi."

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Táìlì kan péré ni màá ṣí."

Kì í ṣe ẹnu lásán. Gbọnrangandan kò jókòó pẹ́ nílé ìwé, fọ́tò ni ìwé rẹ̀. Kó tó da kọnkéré bo páìpù, yóò na téèpù ìwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò sì fi fóònù yà á. Gbogbo oríkèé páìpù tó ti rì mọ́lẹ̀ ló wà nínú fóònù rẹ̀, kò sì sí níbòmíràn.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo ilẹ̀. Garawa tí nọ́ọ̀sì ń fún àkísà sí wà níwájú rẹ̀. Fóònù yọ́ kúrò lápò àyà rẹ̀, ó di ìsàlẹ̀ garawa.

"Ẹ jẹ́ ká rì í sínú ìrẹsì," ni nọ́ọ̀sì wí. "Wọ́n ní ó máa ń fa omi."

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ mọ abẹ́rẹ́, èmi ni mo mọ omi. Kò sóhun tó ń mu omi tó sìmẹ́ǹtì."

Ó tú àpò sìmẹ́ǹtì, ó sin fóònù sínú rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì mu omi náà lóòótọ́. Nígbà tó sì mu ún tán, ó ṣe ohun tí sìmẹ́ǹtì máa ń ṣe. Lẹ́yìn wákàtí méjì, bí ọmọ búlọ́ọ̀kù ni fóònù jáde.

Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò. "Ó ti gbẹ," ló wí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè yọ Gbọnrangandan nínú èyí: àbúrò rẹ̀ tó ń tún fóònù ṣe. Ó sì di ọdún mẹ́ta tí wọn ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Gbọnrangandan ló kọ́ ṣọ́ọ̀bù fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, àbúrò sọ lójú àwọn àlejò pé, "Ẹ má fara ti ògiri yẹn o, ó ń tẹ̀ríba kí yín." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Gbọnrangandan kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ sílé.

Ṣùgbọ́n bí ó bá hú gbogbo ilẹ̀ ilé nọ́ọ̀sì, ibo ni wọn yóò tẹ́ ìbejì sí lọ́la? Ta ni yóò sì tún pè é síṣẹ́? Ó gbéra, ó di ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀.

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò wí, ó dìde.

"Oníbàárà ni mí. Mi ò wá kí ẹnikẹ́ni." Ó gbé fóònù lé tábìlì.

Àbúrò fi èékánná ha á. "Kí ló ṣe é?"

"Omi ló wọ̀ ọ́."

"Omi wọ̀ ọ́, ẹ wá fi kọnkéré dí i kó má baà jáde?"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Gbọnrangandan. Ó fi ikọ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Àbúrò tú fóònù, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá inú rẹ̀. "Eléyìí ò lè di fóònù mọ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo bá fún un níná láti ìta, tí mo fi ojú fóònù mìíràn sí i, ó lè lajú fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí lẹ fẹ́ nínú rẹ̀?"

"Fọ́tò ilẹ̀ ilé nọ́ọ̀sì."

Fóònù lajú. Àbúrò ń ṣí fọ́tò kọjá kíákíá, ó wá dúró. "Ògiri ṣọ́ọ̀bù mi rèé, ẹ ti so okùn ìwọ̀n sí i lára."

"Mo padà wá wọ̀n ọ́n lóru ọjọ́ yẹn."

"Ó tọ́?"

Gbọnrangandan wo ilẹ̀. "Ó fi ìka kan tẹ̀."

"Kí wá lẹ ń bínú sí láti ọdún mẹ́ta?"

"Ká ní ó tọ́ ni, ǹ bá ti gbàgbé."

Àbúrò kò rẹ́rìn-ín. "Kò yẹ kí n sọ ọ́ lójú èrò. Ẹ má bínú."

"Mo ṣì ń bínú. Máa wá fọ́tò."

Wọ́n rí i: páìpù, téèpù, oríkèé kan ṣoṣo ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí ẹnu ọ̀nà. Àbúrò fi fóònù tirẹ̀ yà á. Bó ṣe yà á lẹ́ẹ̀kejì, ojú fóònù Gbọnrangandan ṣú, kò sì là mọ́.

Inú fóònù àbúrò nìkan ni fọ́tò wà báyìí, nítorí náà ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nílé nọ́ọ̀sì, ó di orí téèpù mú lẹ́nu ọ̀nà. Gbọnrangandan fa ìyókù, ó ka ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ó ṣí táìlì kan, ó sì fi òòlù àti irin gbẹ́ kọnkéré. Oríkèé páìpù ló rí, omi ń sun lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó ń sunkún.

"Táìlì kan péré ni lóòótọ́," ni nọ́ọ̀sì wí, ó sì lọ gbé ẹní àwọn ọmọ jáde láti sá a.

"Tanná síbí," ni Gbọnrangandan sọ fún àbúrò rẹ̀. "Sún mọ́ mi. Ṣé mo ní màá jẹ ọ́ ni?"