Wọ́n Ń Sunkún fún Alápò

Ojú ìwé kẹsàn-án ni Suwebat kà dé tí èébì fi gbé e. Kì í ṣe àsọdùn. Ó gbé ìwé eré náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó lọ sójú fèrèsé, ó tutọ́ síta sínú iyanrìn, ó sì padà wá jókòó nítorí pé ọ̀gá ilé-ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Akínlóyè, ń wo ẹnu rẹ̀.

"Àǹtí, ó dùn àbí kò dùn?"

"Ta ló kọ ìranù yìí?"

"Háà! Yọ̀mí yín ni o. Yọ̀mí tí ẹ kọ́ ní kíláàsì kẹrin. Ó ti di òǹkọ̀wé ńlá l'Ékòó báyìí. Òun fúnra ẹ̀ ń bọ̀ wá wo eré náà."

Suwebat ò gbàgbé Yọ̀mí. Òun náà ló pa àlọ́ Alápò fún un. Ó ti tó ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ti ń ṣe tíṣà ní Àgbádárìgì, kò sì sí ọmọ tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá tí kò gbọ́ àlọ́ yẹn. Kò gùn rárá. Alápò jẹ́ iwin kan tó ń gbé etí ọ̀sà. Ẹnu rẹ̀ dùn ju oyin lọ. Bó bá rí ọmọ tó dá wà, á fún un ní súìtì alágbọn, á ní kó bá òun wo ohun tó wà nísàlẹ̀ àpò òun, bí ọmọ bá sì ti tẹ orí bọ̀ ọ́, ó di kó so ẹnu àpò. Ìyá kan ló tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nínú iyanrìn títí dé èbúté, tó fi ọ̀bẹ tó fi ń la ẹja ya àpò náà, tó sì fa ọmọ rẹ̀ jáde. Àwọn ìyá ní Apa, ìlú tó wà nítòsí ibẹ̀, ló ni àlọ́ yẹn, wọn kì í sì í pa á fún ẹ̀rín. Ní ìlú tí wọ́n ti kó ọmọ ọlọ́mọ lẹ́rú sínú ọkọ̀ ojú omi rí, ta ni kò mọ ohun tí wọ́n ń wí?

Kí wá ni Yọ̀mí fi àlọ́ ọ̀hún ṣe? Ó sọ Alápò ní Adédìran. Ó ní ọmọ òrukàn ni, wọ́n sọ ọ́ lókùúta ní kékeré nítorí iké ẹ̀yìn rẹ̀, òun nìkan ló ń dá jẹun, ìdí nìyẹn tó fi ń wá ọmọ kó mọ́ra. Ojú ìwé márùn-ún gbáko ni iwin fi sunkún. Àní ó fi òwú tẹ́ inú àpò náà kí ara má ba à ro ọmọ! Ìyá ọmọ ńkọ́? Ó ti di aláriwo, olófòófó, ẹni tó ń fi ìgbálẹ̀ lu ọmọ. Ọmọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọnú àpò, ó sì kígbe látinú rẹ̀ pé, "Ìyá, ìwọ lo lé mi wọ ibí. Àpò yìí móoru ju ilé rẹ lọ."

Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ wí. Yọ̀mí bu omi tútù fún akátá, ó fi àga fún un, ó wá ń na adìyẹ.

Èyí tó tún wá burú jù ni ọmọ tí Akínlóyè mú pé kó wọnú àpò. Ẹ̀bùnolúwa ni, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tó mú nítorí pé ohùn rẹ̀ já gaara. Tọ̀yìbátù tó ń yan ẹja létí ọ̀sà ni ìyá rẹ̀. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn kan pàdé àkọ́bí Tọ̀yìbátù lójú ọ̀nà, ó ní òun yóò fi í síbi tí yóò ti kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Kútọnu. Wọ́n rí àwọn méjèèjì lẹ́yìn ọ̀kadà, wọ́n kọjú sí ẹnubodè Sèmè. Wọn ò rí ọmọ náà mọ́ títí di òní. Kí omijé ìyá tó gbẹ, ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́: ó ní láti jẹ́ pé ó ń lu ọmọ yẹn ni, ó ní láti jẹ́ pé ilé ni kò rọgbọ. Ohun tí Yọ̀mí kọ sínú ìwé, ìlú ti fi ẹnu kọ ọ́ tipẹ́.

"Ẹ fi ọmọ mìíràn sí i," ni Suwebat wí.

"Àǹtí, àwọn èèyàn káńsù ń bọ̀. Ọmọ yẹn ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ẹ má fi ojú àtijọ́ wò ó. Irú ẹ̀ ló lòde báyìí. Àjẹ́ inú ìtàn ò burú mọ́, iwin ò burú mọ́, gbogbo wọn ló nídìí tí wọ́n fi ń ṣe é."

Lẹ́tà ìfẹ̀yìntì Suwebat wà lórí tábìlì ọkùnrin náà, kò tíì fọwọ́ sí i. Suwebat wò ó, ó sì gbà láti kọ́ àwọn ọmọ ní eré náà. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ Ẹ̀bùnolúwa ní ọ̀rọ̀ ojú ìwé kẹsàn-án. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kọ́ ọ. Ara rẹ̀ wá ń rí i lára bí ẹni tó fọwọ́ kó ìgbẹ́.

Ó tilẹ̀ lọ bá Tọ̀yìbátù nídìí ẹja lọ́jọ́ kan kó lè sọ ohun tó wà nínú eré náà fún un. Obìnrin náà kò jẹ́ kó ráyè sọ̀rọ̀. Ó fi bùbá tuntun hàn án, ó ní, "Àǹtí, iwájú pátápátá ni mo máa jókòó. Wọn ò yan ọmọ mi fún nǹkan kan rí." Suwebat ní ó rẹwà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ eré pé. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Yọ̀mí dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún tíṣà rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ fún mi ní Alápò."

"Alápò tèmi kọ́ nìyí."

"Ṣé ẹ ò rò ó rí pé òun náà ní ìrora tiẹ̀ ni?"

"Ìdin náà ní ìyá, Yọ̀mí. Mi ò ní torí ìyẹn fi í sínú ọbẹ̀."

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni.

Eré bẹ̀rẹ̀. Alápò sunkún, àwọn àgbààgbà sì bá a sunkún. Ìyá kan láti káńsù ń fi etí gèlè nu ojú. Ṣìọ̀! Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ẹ̀bùnolúwa wọnú àpò. Ó yọ orí síta, ó ní, "Ìyá..." ó rí ìyá rẹ̀ níwájú, ohùn rẹ̀ sì dákẹ́.

Ẹ̀gbẹ́ aṣọ ìtàgé ni Suwebat dúró sí, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti wọ̀ ọ́ lára: bí ọmọ bá gbàgbé, tíṣà a máa rán an létí. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ìwọ lo lé mi wọ ibí." Ọmọ náà sì sọ ọ́ tẹ̀ lé e.

Tọ̀yìbátù dìde, ó na ọwọ́ sókè.

"Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà," ló wí.

Láàárín àwọn Ègùn tó wà lágbègbè wa, ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́ ìtàn lè dá apàlọ́ dúró pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn, apàlọ́ á sì dákẹ́ títí onítọ̀hún yóò fi sọ tirẹ̀ tán. Orin ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń dá, nítorí náà àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń retí orin. Àwọn òṣèré dákẹ́ bí àṣà ti wí. Tọ̀yìbátù kò kọrin.

"Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹja ni mò ń yan. Mi ò lù ú. Mi ò lé e. Mo ní kó lọ ra iyọ̀ wá fún mi ni."

Àtẹ́wọ́ dáwọ́ dúró. Yọ̀mí dìde. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, eré lásán ni."

"Mo mọ̀ pé eré ni, ọmọ mi. Ẹ sọ Alápò lórúkọ. Ẹ fún un ní ìyá, ẹ fún un ní ẹkún. Kí lorúkọ ọmọ tó wà nínú àpò?"

Yọ̀mí ṣí ìwé rẹ̀. Ó ń ṣí i lọ, ó ń ṣí i bọ̀. Suwebat náà wo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọmọ" nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ti kà á bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá, kò sì fìgbà kan béèrè.

Àpò mì. Ẹ̀bùnolúwa jáde nínú rẹ̀, òwú lẹ̀ mọ́ ọn lórí. Kò wo ẹlòmíràn, ìyá rẹ̀ ló ń wò.

"Ayọ̀olúwa ni, Màámi."

Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ọdún mẹ́rin nìyẹn tí kò sí ẹni tó jẹ́ dá orúkọ yẹn lójú ìyá náà, títí kan Suwebat tó ń pè é láràárọ̀ nínú rẹ́jísítà nígbà tí ọmọ náà wà ní kíláàsì rẹ̀.

"Sọ ọ́ sókè," ni Tọ̀yìbátù wí, "kí àwọn tó ń sunkún lè gbọ́."