Onígun Mẹ́ta Tó Fì Sẹ́gbẹ̀ẹ́

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: ẹnu mi ló kó bá mi lọ́dún tó kọjá, kì í ṣe ìṣirò. Ìṣirò ò ṣe mí ní nǹkan kan.

Ní yunifásítì tí mo lọ, wọn kì í jẹ́ kí èèyàn dojú kọ ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Ìṣirò ni mo yàn, àmọ́ mo ka ìtàn, mo ka ewì, mo tiẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi amọ̀ mọ orí èèyàn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ ẹnjiníà, kì í yé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, "Àbúrò mi, ewì mélòó lẹ fi kún mélòó lónìí?" Màá ní kó lọ wá ibì kan jókòó sí. Lójú tiẹ̀, ìṣirò tí wọ́n bá kọ́ mọ́ ewì, àbọ̀ ìṣirò ni.

Àṣà kan wà ní ẹ̀ka wa tí mi ò tíì gbọ́ pé wọ́n ń ṣe níbòmíràn. Kí wọ́n tó fún ọ ní oyè ìṣirò, wàá dúró níwájú pátákó, wàá sì fi ẹ̀rí ohun kan hàn. Olùkọ́ mẹ́ta ló máa jókòó síwájú rẹ, àmọ́ ọ̀kan nínú wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ oníṣirò. Àlejò la máa ń pè é. Àlejò yìí ló máa kọ́kọ́ bi ọ́ ní ìbéèrè, o ò sì gbọdọ̀ fi lẹ́tà tàbí àmì ìṣirò kankan dá a lóhùn. Ẹnu rẹ àti àwòrán nìkan lo ní. Bí àlejò bá ní kò yé òun, ó parí nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, olùkọ́ ewì ni àlejò mi. Obìnrin náà bi mí pé kí ló dé tí mo fi kọ ọ́ pé ohun kan hàn gbangba, nígbà tí kò hàn sí òun. Mo ní, "Bí ẹ bá mọ ìṣirò ni, á hàn sí yín." Ó ní kò yé òun. Wọ́n dá mi padà sílé. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n sì ń gbà fún èèyàn. Bí mo bá tún kùnà, oyè gbogbogbòò ni wọ́n máa fún mi, wọn ò sì ní kọ ìṣirò sórí rẹ̀ rárá. Ọdún márùn-ún gbáko á wá dà bíi pé mi ò ṣe nǹkan kan.

Bí mo ṣe padà wá nìyẹn, láago mẹ́wàá àárọ̀, sí yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí tán. Wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹbí wọlé, ẹ̀gbọ́n mi bá wá jókòó sẹ́yìn. Mi ò pè é o. Ó ní òun wá wo ẹni tí mo máa bá jà lọ́tẹ̀ yìí.

Olórí ẹ̀ka wa ló jókòó láàárín. Bàbá Ẹ̀rí la máa ń pè é, torí bó o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, ó lè ní kó o fi ẹ̀rí hàn pé ilẹ̀ ti mọ́. Olùkọ́ ìṣirò obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Àlejò wà lọ́wọ́ ọ̀tún, olùkọ́ tó ń kọ́ni ní yíya àwòrán, ọ̀dà búlúù ṣì wà ní èékánná rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn wọ́n ò le. Bó ti wù kí páálí kan rí, bí gbogbo etí rẹ̀ bá ṣáà ti gún, o lè fi sísọ́ọ̀sì gé e sí wẹ́wẹ́, kó o tún un tò, kó sì di onígun mẹ́rin tó dọ́gba lọ́tùn-ún lósì. Nǹkan kan ò ní ṣẹ́ kù, nǹkan kan ò sì ní gorí ara wọn. Ó ti pẹ́ táwọn oníṣirò ti mọ̀ ọ́n; ọ̀nà tí èmi fúnra mi máa gbà fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ni wọ́n fẹ́ rí. Torí pé gbogbo irú páálí bẹ́ẹ̀ ló ṣeé kọ́kọ́ gé sí onígun mẹ́ta, orí onígun mẹ́ta ni gbogbo iṣẹ́ mi dúró lé.

Mo ya onígun mẹ́ta kan. Mo fa ìlà kan kọjá láàárín rẹ̀ ní ìbú, mo sì fa òmíràn láti ṣóńṣó orí rẹ̀ wálẹ̀ títí tó fi kan ti àkọ́kọ́. Mo mú páálí, mo gé e bẹ́ẹ̀, mo yí ègé méjì tó wà lókè wá sísàlẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ó di onígun mẹ́rin gbọọrọ. Mo ṣàlàyé ìyókù títí mo fi parí, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn.

Àlejò ní, "Ó dáa. Onígun mẹ́ta yẹn, ṣé bó ṣe máa ń jókòó nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó dìde, ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó ya onígun mẹ́ta kan tó jókòó lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kúrú, tó wá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ gan-an, débi pé ṣóńṣó orí rẹ̀ yọ síta. Ó ní, "Eléyìí ńkọ́?"

Inú bí mi. Irú ìbéèrè wo nìyí? Ṣebí onígun mẹ́ta ni, ì báà dúró, ì báà dùbúlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Mo gbọ́ tí àga ẹ̀gbọ́n mi ń dún sẹ́yìn, mo sì mọ̀ pé ohun tó ń retí gan-an nìyẹn. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo gba ṣọ́ọ̀kì padà kí n lè fi han bàbá yìí pé ohun kan náà ni méjèèjì.

Mo fa ìlà láti ṣóńṣó orí rẹ̀ wálẹ̀. Ìlà náà bọ́ síta. Kò gba inú onígun mẹ́ta náà kọjá rárá, kò sì sí ohun tí mo fẹ́ gé níbẹ̀.

Mo ti ya onígun mẹ́ta tó lé ní igba láti ọdún tó kọjá, gbogbo wọn ló jókòó dáadáa bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Ó ti mọ́ ọwọ́ mi lára, ojú mi ò sì rí i mọ́. Bàbá Ẹ̀rí fa ìwé tí mo kọ ẹ̀rí náà sí fún wọn mọ́ra, ó ṣí i, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ka èyí," ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìbéèrè yín ká mi mọ́. Ẹ fún mi láyè díẹ̀." Mi ò sọ irú ẹ̀ fún ẹnì kankan rí láyé mi.

Mo gé páálí kan kó rí bí èyí tó yà. Mo gbé e sórí tábìlì, mo ń yí i. Nígbà tí mo gbé e lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn jù, ó jókòó pẹ̀sẹ̀, ṣóńṣó orí rẹ̀ sì wà láàárín. Ṣùgbọ́n páálí kan ṣoṣo kọ́ ni ẹ̀rí. Ta ló sọ pé gbogbo onígun mẹ́ta ló máa gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu bẹ́ẹ̀? Mo tẹjú mọ́ igun rẹ̀ tó fẹ̀ jù títí tó fi yé mi.

Mo ní, "Ẹ wò ó, sà. Igun tó fẹ̀ jù ló máa ń kọjú sí ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù. Bí mo bá fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sísàlẹ̀, òkè ni igun tó fẹ̀ náà máa wà. Onígun mẹ́ta ò sì lè ní ju igun kan lọ tó fẹ̀ tó igun ilé tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà méjì tó wà nílẹ̀ gbọ́dọ̀ há. Nígbà tí àwọn méjèèjì há, inú ni etí ọ̀tún àti etí òsì máa tẹ̀ sí. Orí ò ríbi yọ síta mọ́. Gbogbo ohun tó kù fún mi ni kí n yí i kí n tó gé e."

Àlejò yí páálí náà fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá ní, "Ó yé mi. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé àlàfo wà níbẹ̀ o. Mo kàn rí i pé irú kan náà lò ń yà ṣáá ni."

Wọ́n ní ká bọ́ síta. Ẹ̀gbọ́n mi dúró tì mí lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n pè wá wọlé, Bàbá Ẹ̀rí dìde dúró. Ó ní, "Ẹ̀rí tó o kọ wá ò pé. Èyí tó o fi hàn lójú wa pé. A fún ọ ní oyè ìṣirò, a sì fi ìyìn kún un."

Olùkọ́ tí kì í sọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń pariwo lẹ́yìn bíi pé wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Bàbá Ẹ̀rí bi mí bóyá mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ, mo sì yíjú sí àlejò.

Mo ní, "Bí ẹ bá dákẹ́ ni, sà, irọ́ ni ǹ bá gbé lọ sílé, inú mi ì bá sì máa dùn." Mo fẹ́ fi "ẹ ṣé" kún un, àmọ́ ẹkún ti dé. Mo dúró síwájú pátákó, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín, oníṣirò ni mí, kò sì sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ mi mọ́.