Fáìlì Tí Kò Sí Nínú Páálí

Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣe é. Ìwé òfin tuntun tí ìpínlẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í lò ti pa kóòtù kékeré tí mo ti ń ṣe akọ̀wé rẹ́. Gbogbo ẹjọ́ ọwọ́ wa di ti kóòtù ńlá tó wà ní àárín Atlanta. Wọ́n ní kí á di fáìlì sínú páálí, kí á kọ orúkọ wọn ránṣẹ́. Ẹjọ́ tí fáìlì rẹ̀ kò bá dé ọ̀hún, a jẹ́ pé kò sí ẹjọ́ nìyẹn.

Níbi tí mo ti ń dì í ni mo ti rí orúkọ Uncle Olúṣọlá, alàgbà ìjọ wa ní Redan. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti kú, ọkọ ọmọ náà kò sì jẹ́ kí ó fojú kan Tiwa, ọmọ-ọmọ rẹ̀, mọ́. Ló bá pe àna rẹ̀ lẹ́jọ́. Háà! Alàgbà pẹ̀lú àna! A kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Faith tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń ṣiṣẹ́ ní kóòtù ńlá, ni yóò sì tú páálí náà lọ́hùn-ún, ẹnu Faith kò ní ìlẹ̀kùn. Mo fo orúkọ Uncle, mo ti fáìlì rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ mi. Mo ní àṣírí àgbà ni mò ń bò.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Uncle wọlé tọ̀ mí wá ní ọ́fíìsì kóòtù wa àtijọ́, níbi tí mo ṣì ń palẹ̀ mọ́, nínú súùtù ọjọ́ Ìsinmi rẹ̀.

"Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ mi, mo lọ fún hearing mi lánàá. Wọ́n ní kò sí case tó ní orúkọ mi. Bàbá Tiwa dẹ̀ ti mú un lọ sí Texas. Jọ̀ọ́, bá mi check. Ìwọ nìkan ni mo mọ̀ níbí."

Mo ṣí dúrọ́ọ̀. Bó ṣe rí fáìlì náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í súre fún mi. Ó rò pé mo bá a wá a rí ni.

"Uncle, ẹ má súre fún mi. Èmi ni mo fi pamọ́. Mi ò fẹ́ kí àwọn ará ìjọ gbọ́."



"Gbogbo ìjọ ló mọ̀, Rẹ̀mí. Mo sọ ọ́ ní prayer meeting, ìwọ wà ní work. Faith gan-an ló ń bá mi gbààwẹ̀ lé e."

Mo kúnlẹ̀. Ó mú fáìlì rẹ̀, ó jáde, kò sì ní kí n dìde.