Koríko Tó Ń Dúró de Bíṣọ́ọ̀bù

Kí Bọ̀wálé Ayọ̀rìndé tó gbin koríko kan ṣoṣo, ó ti tẹ káàdì: "Díkìnnì Bọ̀wálé Ayọ̀rìndé, Alága àti Olùdarí Àgbà, Ilé-Iṣẹ́ Pápá Tútù." Òṣìṣẹ́ méjì péré ni ilé-iṣẹ́ náà ní: òun fúnra rẹ̀ àti Ọpẹ́mipọ̀ ìyàwó rẹ̀, tí kò tíì gbà pé òun wà níbẹ̀.

Ó ti fi iṣẹ́ súpáfáísọ̀ sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Àgbárá, ó sì ti gba ilẹ̀ éékà mẹ́ta ní Ìgbẹsà. Kò kúkú ya wèrè. Yunifásítì ń hù lágbègbè Ọ̀tà bí olú ọ̀ràn, ọ̀kan nínú wọn sì ń sin màlúù. Ọ̀gá oko wọn, Dókítà Ṣótúndé, ti ṣèlérí fún un pé: "Bí màlúù mi bá ti jẹ ìdì koríko gbígbẹ àkọ́kọ́, ọwọ́ yín la ó ti máa rà á ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn." Ìlérí yìí ni owó ilé-ìwé Táyọ̀, ọmọ wọn, gbẹ́kẹ̀ lé.

Koríko náà ṣe dáadáa. Nígbà tó fi di àárín oṣù kẹjọ, ó ti ga dé àyà, ó rọ̀ bí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, òjò sì ti dáwọ́ dúró díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Bàbá Àmọ̀dá, onílẹ̀ tó ń gbin koríko tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ti ń pọ́n àdá.

"Díkìnnì, oòrùn rèé o. Gé e!"

"Bàbá, àkọ́so ni. Àdá ò gbọdọ̀ kàn án kí Bíṣọ́ọ̀bù tó wá yà á sí mímọ́."

"Bíṣọ́ọ̀bù yín ń jẹ koríko ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá."

"Ọmọ mi, mo ń bi ọ́ ni. Koríko kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

Bọ̀wálé rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń káàánú aláìmọ̀kan. Ó ti háyà kánópì, ó ti tẹ ìwé ètò ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n Bíṣọ́ọ̀bù wà lókè òkun. Ọ̀sẹ̀ kan di mẹ́ta, mẹ́ta di mẹ́wàá. Bàbá Àmọ̀dá ti gé tirẹ̀, ó ti sá a, ó ti dì í, kò sì ké sí àlùfáà kankan. Ti Bọ̀wálé yọ òdòdó, ó gan bí ọwọ̀. Ó ya òdòdó náà ní fọ́tò, ó gbé e sórí Wáásáàpù: "Ògo ti yọ!"

"Bàbá Táyọ̀," Ọpẹ́mipọ̀ ní, "koríko yìí ti ń gún mi lẹ́sẹ̀ o."

"Agbára ló wọ inú rẹ̀."

Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù dé, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló lò. Ó ta òróró sílẹ̀, ó ya fọ́tò, ó padà sínú jíìpù. Bọ̀wálé wá gé koríko, ó sá a, ó dì í, ó sì gbé ìdì àkọ́kọ́ lọ bá Dókítà Ṣótúndé.

Dókítà ṣẹ́ ẹyọ kan. Ó dún pàá.

"Ìgbà wo lẹ gé e?"

"Lẹ́yìn ìyàsímímọ́ ni, sà."

"Èmi àtẹ̀yin ò níí jà. Ẹ jẹ́ ká bi ẹni tó máa jẹ ẹ́."

Wọ́n gbé e síwájú abo màlúù kan. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó sín lẹ́ẹ̀mejì, ó kẹ́yìn sí i.

"Sà, ara màlúù yìí yá ṣá?"

"Ó yá gágá. Koríko Bàbá Àmọ̀dá ló jẹ láàárọ̀. Ọ̀dọ̀ wọn náà la ó ti máa rà á."

Igba ìdì dùbúlẹ̀ sí pálọ̀ Bọ̀wálé. Ọpẹ́mipọ̀ kàn ń gbálẹ̀ yí wọn ká. Ní oṣù Kejìlá ni Bíṣọ́ọ̀bù ránṣẹ́: ìjọ fẹ́ ṣeré Kérésìmesì, ibùjẹ ẹran ò sì gbọdọ̀ ṣófo. Kí Díkìnnì fi ogún ìdì gbin irúgbìn ìgbàgbọ́. Bọ̀wálé gbà, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló bẹ̀: kí wọ́n lẹ káàdì òun mọ́ ibùjẹ ẹran náà níbi tí kámẹ́rà á ti rí i.

Àgùntàn tí wọ́n yá lọ́wọ́ Bàbá Àmọ̀dá gba àárín Màríà àti Jósẹ́fù kọjá. Ó ti imú bọ koríko, ó sín. Ó wá já káàdì náà, ó rọra ń jẹ Alága, ó jẹ Olùdarí Àgbà tẹ̀ lé e. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Bọ̀wálé náà pàtẹ́wọ́.

Ọpẹ́mipọ̀ tẹ̀ sí etí rẹ̀.

"Ẹ ṣáà rí i, wọ́n ti jẹ nǹkan kan ní ilé-iṣẹ́ yín. Mo ti bá àwọn ará Àgbárá sọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ á gbé yín ní Mọ́ńdè."