Bọ́tà Tí Kò Sùn

"Ẹ bá mi gbé e sọ̀kalẹ̀, Dona Lindalva. Ẹ̀yìn ń dùn mí."

Aderbal, oníṣòwò tó máa ń ra bọ́tà lọ́wọ́ Lindalva, ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn páálí tó kún fún ìgò bọ́tà ló wà níbẹ̀. Lindalva mọ àwọn ìgò náà dáadáa, torí òun fúnra rẹ̀ ló rọ bọ́tà sínú wọn. Nígbà tó kó wọn fún Aderbal, wọ́n mọ́ bí oyin. Ní báyìí wọ́n ti funfun, wọ́n ti di hóró-hóró.

"Kí ló dé tí o fi kó wọn padà?"

"Súpámákẹ́ẹ̀tì tó wà ní ìlú Natal ló ní kí n kó wọn. Wọ́n ní ó ti bàjẹ́."

"Ta ló ní ó bàjẹ́? Ó sùn ni!"

Bí àwọn ará orí òkè tí Lindalva ń gbé ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Bí oòrùn bá wà, bọ́tà inú ìgò á máa ṣàn. Bí òtútù bá mú un, á dì, wọn á ní ó sùn. Lindalva mú ìgò kan, ó gbé e lé orí ògiri àgbàlá níbi tí oòrùn ti ń pa, ó sì wọlé lọ bu kọfí wá fún Aderbal. Kí Aderbal tó mu kọfí náà tán, bọ́tà ti yọ́, ó ti pọ́n dáadáa.

"Wò ó. Kí ló ṣe é?"

"Dona Lindalva, ọmọ ibí ni mí. Ẹ má kọ́ mi ní bọ́tà. Ẹni tó ń rajà ní Natal, inú òtútù ẹ̀rọ ló dúró sí. Kò gbé oòrùn sápò." Ó fa ìgò mìíràn yọ lábẹ́ àga ọkọ̀. "Èyí ni wọ́n ń rà."

Bọ́tà inú ìgò yẹn mọ́ kedere. Lindalva ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ìka tọ́ ọ wò, ó sì tutọ́ sílẹ̀.

"Òróró sóyà."

"Apá kan nínú mẹ́ta. Òun ni kì í jẹ́ kó dì, òun náà ló sì jẹ́ kó wà ní pọ̀ọ́kú." Aderbal gbé ife sílẹ̀. "Ẹ gbọ́, Dona Lindalva. Ọ̀rá wàrà láti ilẹ̀ òkèèrè ti kún orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ra wàrà ń já owó wálẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ san iye tí ẹ ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá pò ó bí àwọn yòókù ṣe ń pò ó, màá rà á. Bí ẹ ò bá pò ó, ẹ má bínú sí mi, mi ò ní lè wá mọ́."

"Kí ni kí n wá kọ sára ìgò? Pé òróró ni?"

"Kò sóhun tẹ́ ẹ máa kọ. Àwòrán màlúù ló wà lára ìgò. Màlúù ò ní sọ̀rọ̀."

Genival, ọkọ Lindalva, tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà tó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń ro ó síwájú, rẹ́rìn-ín. Lindalva kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọkọ̀ lọ tán, Genival ní, "Màlúù mẹ́ta ló kù fún wa. Òjò ò rọ̀ tó, kò sí koríko, oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ, rírà là ń rà á. Bí Aderbal ò bá ra bọ́tà, alápatà ló máa ra màlúù. Èwo lo fẹ́ níbẹ̀?"

"O fẹ́ kí n máa parọ́ fáwọn èèyàn."

"Òróró sóyà ò pa ẹnikẹ́ni rí. Kí lo fi ń se ìrẹsì?"

"Mi ò pe ìrẹsì ní bọ́tà."

"Dalva, ẹnu rẹ mú. Ṣùgbọ́n màlúù ò lè jẹ ẹnu."

Lindalva wo ibi tí wọ́n so àwọn màlúù mọ́. Rendeira, èyí tó dàgbà jù nínú àwọn màlúù náà, egungun ìhà rẹ̀ ti ń hàn síta.

Ìyá Genival ń gbé pẹ̀lú wọn. Dona Quitéria ni wọ́n ń pè é. Ojú rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́. Òun ló kọ́ Lindalva ní iṣẹ́ bọ́tà nígbà tí Lindalva jẹ́ ìyàwó tuntun tí kò mọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yọ́ bọ́tà, wọn á gbé àga ìyá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Etí ló fi ń mọ̀ pé bọ́tà ti jinná. Bí omi bá ṣì wà nínú ọ̀rá wàrà, ìkòkò á máa pariwo. Bí omi bá tán, ìkòkò á dákẹ́. Béèyàn bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, bọ́tà á kan. Bó bá pẹ́ lórí iná jù, á jóná. "Ó ti dákẹ́," ni ìyá máa ń wí, Lindalva á sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa tó bá kù nísàlẹ̀ ìkòkò, wọn á po gààrí mọ́ ọn, ìyá lá sì kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án ṣáájú rẹ̀. Òfin ilé ni.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn wọ́n yọ́ bọ́tà. Ìyá jókòó sí ibi tó máa ń jókòó sí.

"Ó ti dákẹ́," ó ní.

Lindalva sọ ìkòkò kalẹ̀. Ó sẹ́ bọ́tà náà gba inú aṣọ funfun. Lẹ́yìn náà ó ṣí òróró tí Genival rà, ó sì dà á sí i. Ó rọra ń dà á, ṣùgbọ́n kò sí bí ó ṣe lè rọra tó fún etí ìyá.

"Kí lò ń dà?"

"Bọ́tà ni, Ìyá."

"O ti da bọ́tà tán. Mo gbọ́ ọ. Ibo lèyí tún ti ń wá?"

"Mò ń rọ ọ́ sínú ìgò ni."

Ìyá yí orí padà sí ààrò. Nígbà tí Lindalva gbé àwo gààrí fún un, ó gbà á, ó jẹ ẹ́ tán, ó ní, "O ṣé, ọmọ mi." Ó tẹ́ Lindalva lọ́rùn kí ìyá bú òun ju ìyẹn lọ.

Aderbal kó gbogbo rẹ̀, ó tún ní kí wọ́n ṣe sí i. Ara Rendeira bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Genival bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé láàárọ̀. Ìgbà kan wà tí bọ́tà tí Aderbal fẹ́ kò pé, Lindalva wá lọ sẹ́yìn pẹpẹ, ó kó ìwọ̀nba bọ́tà gidi tí wọ́n fi pamọ́ fún jíjẹ ilé, ó da òróró sí i, ó fi kún un.

"Kí la máa wá jẹ?" Genival bi í.

"Tiwa, a ó yọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ìyá kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé. Àjọ̀dún Jòhánù Mímọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, eérú iná tí wọ́n fi ṣe é ṣì wà níwájú ilé. Láàárọ̀, wọ́n gbé kọfí fún un, ó mu díẹ̀, ó ní kọfí náà gbóná, ó gbé orí lé ògiri. Wọ́n rò pé ó ń tòògbé.

Wọ́n wọ aṣọ búlúù rẹ̀ fún un, wọ́n sì tẹ́ ẹ sínú pósí ní yàrá iwájú. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Níbẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí ebi pa ẹni tó bá wá jókòó ti òkú. Gààrí ni wọ́n máa ń gbé fún un, pẹ̀lú ẹran tí wọ́n sá sóòrùn, wọn á sì da bọ́tà gbígbóná lé e lórí. Kò sẹ́ni tó wà nínú yàrá yẹn tí kò jẹ bọ́tà Dona Quitéria rí.

Lindalva lọ síbi pẹpẹ. Ìgò tí Aderbal fẹ́ wá kó nìkan ló wà níbẹ̀. Ó dúró títí Genival fi wá a wá.

"Àwọn èèyàn ti ń dúró."

"Èyí kọ́ ni ti Ìyá, Genival."

"Ta ló máa mọ̀?"

Ó mú ìgò méjì, ó gbé wọn kaná.

Gbogbo wọn ló mọ̀. Lindalva rí i lójú wọn. Dona Iraci, ọ̀rẹ́ ìyá látìgbà èwe, fi ṣíbí kan sẹ́nu, ó sì dáwọ́ dúró. Ó wo pósí. Ó wo àwo rẹ̀. Ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Bàbá kan tó máa ń fi ìka nu àwo títí á fi gbẹ, fi bọ́tà sílẹ̀ nísàlẹ̀ àwo tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀ nípa olóògbé, pé kò fẹ́ràn àlùfáà tó bá pẹ́ jù, pé ó fi igi ìdáná lé afẹ́sọ́nà rẹ̀ kan jáde nílé, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ìró ṣíbí nìkan ló kù.

Nígbà tí Lindalva wá kó àwo, Dona Iraci di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kú ìrọ́jú, ọmọ mi. Oúnjẹ pọ̀."

Ní àdúgbò yẹn, wọn kì í sọ fún ẹni tó se oúnjẹ pé oúnjẹ pọ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ó dùn ni.

Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kùrukùru bo gbogbo orí òkè, òtútù mú débi pé Lindalva rí èémí ara rẹ̀ nínú ilé ìdáná. Ìgò kan tí wọn ò lò tán wà lórí tábìlì. Ó mú un, ó mì í. Bọ́tà náà ń ṣàn nínú ìgò bí ìgbà tó jẹ́ ọ̀sán. Kò dì, kò tilẹ̀ funfun létí. Ó gbé e kalẹ̀, ó sì jókòó sórí àga ìyá.

Genival tiro wọlé.

"Pe alápatà," Lindalva sọ fún un.

"Kí lo wí?"

"Kó wá mú Rendeira. Owó rẹ̀ la ó fi máa bọ́ àwọn méjì yòókù títí òjò á fi dé. Mi ò po nǹkan kan mọ́."

"Aderbal ò ní rà á."

"Mo mọ̀."

"Ta ló wá máa rà á?"

"Mi ò mọ̀, Genival."

Genival di ẹ̀yìn àga náà mú. "Ọwọ́ Ìyá ló fa Rendeira jáde nígbà tí ìyá rẹ̀ ò lè bí i. Kò ríran nígbà yẹn mọ́. Òun ló sọ ọ́ lórúkọ."

"Mo mọ ìyẹn náà."

Genival fi ẹ̀yìn àga sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú fìlà rẹ̀, ó sì jáde lọ síbi tí màlúù wà.

Lindalva dáná. Ọ̀rá wàrà tí wọ́n ti kó jọ láti ọjọ́ mélòó kan ló dà sínú ìkòkò, kò pọ̀. Ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ó tẹ etí sí i. Ariwo náà ń lọ sílẹ̀, ó tún ń bọ̀, ẹ̀rù sì ń bà á pé òun máa tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jù, tàbí kó pẹ́ jù. Kò dá a gbọ́ rí láti ọjọ́ tó ti ń ṣe é.

"Ó ti dákẹ́," ó sọ ọ́ síta, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó sẹ́ ẹ. Ó ha gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa tó wà nísàlẹ̀ ìkòkò sínú àwo, ó po gààrí mọ́ ọn. Níta, Genival ń bá Rendeira sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Lindalva dúró láàárín ilé ìdáná pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, kò mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ jẹ ẹ́.